Bí Ìmọ́lẹ̀ Ṣe Ń Darí Òòfà Nínú Òkísáídì Onípele

Bí mẹ́táàlì bá ti so pọ̀ mọ́ ọ́síjìn, òkísáídì ló dà yẹn. Ògùn-ún ara irin jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Nínú àwọn kan, átọ̀mù tò léra ní ìpele-ìpele bí ewé ìwé, bíi Sr₂IrO₄ (òkísáídì mẹ́táàlì strontium àti iridium), tí iridium inú rẹ̀ ń gbé agbára òòfà.

Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan nínú átọ̀mù dà bí òòfà kékeré tó ní ibi tó kọjú sí. Bí púpọ̀ wọn bá kọjú síbì kan náà, a ó rí òòfà ńlá. Bí wọ́n bá kọ̀yìn síra ní méjì-méjì, agbára wọn á pa ara wọn rẹ́.

Ibi tó wù mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyí: nínú òkísáídì, mẹ́táàlì méjì kì í sábà kan ara wọn. Ọ́síjìn ló wà láàárín, òun ni afárá tí wọ́n fi ń gbọ́ra wọn. Bí afárá náà bá tọ́ gbọnrangandan, òòfà àwọn méjèèjì sábà máa ń kọ̀yìn síra. Bí ó bá tẹ̀ débi ìwọ̀n igun 90, wọ́n lè kọjú síbì kan náà. Nítorí náà, ẹni tó bá lè mi afárá lè yí òòfà padà.

Lésà lè mì ín. Ìtànṣán infrared (ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa kò lè rí) tó bá bí átọ̀mù ṣe ń gbọ̀n mu á gbọn ọ́síjìn jìgìjìgì, igun á yí díẹ̀, àjọṣe àwọn mẹ́táàlì á sì yí pẹ̀lú. Ní 2021, àwọn olùwádìí fi irú ọ̀nà yìí yí ipò òòfà inú DyFeO₃ (òkísáídì dysprosium àti irin) padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òkísáídì yẹn kì í ṣe onípele.

Ẹ má ṣe pa èyí pọ̀ mọ́ gbígbóná lásán. Ní 1996, àwọn onímọ̀ ní ilẹ̀ Faransé tan lésà sára mẹ́táàlì nickel, agbára òòfà rẹ̀ sì fò lọ sílẹ̀ kí ìdá kan nínú tírílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá tó pé. Ohun ńlá ni lóòótọ́, àmọ́ òòfà náà kàn rẹ̀ ni, kò gba àṣẹ kankan.

Irú iyára yìí ló mú kí àwọn onímọ̀ máa lépa fífi ìmọ́lẹ̀ darí òòfà, torí iná mànàmáná tó ń kọ ọ̀rọ̀ sára díìsìkì kọ̀ǹpútà lọ́ra gan-an sí i. Ṣùgbọ́n ipò tuntun náà kì í sábà pẹ́ kó tó padà sí tàtijọ́, òtútù sì wà nínú ọ̀rọ̀ náà: òòfà inú Sr₂IrO₄ kì í tò dáadáa àfi nísàlẹ̀ nǹkan bíi −33 °C.