Ìtọ́jú Ajá Newfoundland

Newfoundland jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ajá tó tóbi jù lọ láyé. Erékùṣù Newfoundland ní ìlà-oòrùn Kánádà ni ìran rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá, níbi tí àwọn apẹja ti ń lò ó láti fa àwọ̀n àti láti wọ́ ẹrù. Akọ tó dàgbà tán sábà máa ń wọ̀n tó 60 sí 70 kílò, ó sì máa ń ga tó sẹ̀ǹtímítà 71 ní èjìká. Abo kéré sí i. Awọ so àwọn ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀ bíi ti pẹ́pẹ́yẹ, abájọ tó fi mọ omi wẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Irun rẹ̀ jẹ́ ìpele méjì. Ti òkè gùn, ó ní òróró, omi kì í sì í tètè wọ inú rẹ̀. Ti abẹ́ rọ̀ bí òwú, ó sì ki. Ti abẹ́ yìí gan-an ló niṣẹ́ nínú. Irun òkè lè máa dán, kó sì jẹ́ pé abẹ́ rẹ̀ ti ta kókó mọ́ awọ, tí egbò ti ń dá síbẹ̀. Ẹni tó bá ń fi búrọ́ọ̀ṣì ra ojú irun lásán kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kí ajá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kí a la irun títí awọ yóò fi hàn fẹ́ẹ́rẹ́, bí onídìrí ṣe ń la orí, kí a wá máa yà á láti ìdí, ìlà kan tẹ̀ lé òmíràn. Ẹ̀yìn etí, abíyá àti ẹ̀yìn itan ló máa ń kọ́kọ́ ta kókó. Ìka ni kí a fi tú kókó bẹ́ẹ̀ kí òòyà tó kàn án, torí àlùmọ́gàjí lè gé awọ mọ́ ọn. Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ tó, àfi nígbà tí irun bá ń re.

Bí ó bá wẹ̀, kí a gbẹ ẹ́ dé awọ, nítorí ọ̀rinrin tó há sábẹ́ irun máa ń fa egbò. Àṣìṣe ni láti fá a kodoro nítorí ooru: oòrùn á máa pa awọ, irun náà sì lè má hù dáadáa mọ́. Òjìji, omi tútù, àti ìrìn àárọ̀ kùtù tàbí ti alẹ́ ló yẹ ẹ́.

Irun yìí tún máa ń bo ọ̀rá. Ọwọ́ ni kí a fi wá egungun ìhà rẹ̀, kí a má gbẹ́kẹ̀ lé ojú. Ọmọ rẹ̀ ń yára tóbi, àmọ́ egungun rẹ̀ kì í gbó tán títí yóò fi tó bí ọdún kan àbọ̀. Kò yẹ kó sanra jù, kò sì yẹ kó máa fò láti ibi gíga. Àrùn oríkèé ìbàdí àti ti ọkàn wọ́pọ̀ nínú ìran rẹ̀, nítorí náà kí dókítà ẹranko máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Itọ́ rẹ̀ máa ń dà gan-an, kò sóògùn rẹ̀ ju aṣọ ìnura lọ. Oúnjẹ díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ sàn ju àjẹyó ẹ̀ẹ̀kan lọ, kí ó sì sinmi lẹ́yìn rẹ̀, nítorí inú ajá tó ní àyà jíjìn lè wú kó sì lọ́ po. Bí ikùn rẹ̀ bá le gbandi, tó ń gbìyànjú láti bì tí nǹkan kan kò jáde, kí a gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lójú ẹsẹ̀, nítorí ó lè kú láàárín wákàtí díẹ̀.