Orírun Àga Tí Kì í Fi Oríkèé Rẹ̀ Pamọ́

Àga gbígbẹ́ ni a mọ̀ ní Abẹ́òkúta kí àga kíkàn tó dé. Ara ìtì igi kan ṣoṣo ni gbẹ́nàgbẹ́nà ti ń yọ àpótí ìjókòó; yóò fi àáké ṣá a, yóò fi ọ̀bẹ dán an, kò sì ní sí ojú ibi tí igi kan ti pàdé ìkejì lára rẹ̀. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, tó gbé orúkọ ìdílé Adugbologe ìlú wa dé òkè òkun nípasẹ̀ ère ìbejì àti orí egúngún, kò nílò ìṣó rárá.

Àwọn Sàró, ìyẹn àwọn ọmọ Yorùbá tí a gbà sílẹ̀ lóko ẹrú, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí padà wálé ní nǹkan bí ọdún 1839, ni wọ́n mú iṣẹ́ káfíńtà wá. Henry Townsend, míṣọ́nnárì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, kọ́kọ́ wọ ìlú ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1843, òun àti Samuel Ajayi Crowther sì wá tẹ̀dó ní 1846. Láàárín àwọn ọdún 1850, ìjọ wọn ti ń kọ́ni níṣẹ́ ọwọ́ níbí. Ayùn, ìfági àti ìṣó ni a fi dá àwọn oníṣẹ́ tuntun náà mọ̀.

Èyí tí mo fẹ́ tọ ipasẹ̀ rẹ̀ gan-an ni ọ̀nà ìkàn-àga tí wọ́n ń pè ní Craftsman, èyí tí kì í fi oríkèé, ìyẹn ibi tí igi méjì ti pàdé, pamọ́, nítorí òun ni mo ń lò fún àga àti férémù dígí inú ilé mi. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni èrò rẹ̀ ti ṣẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ ń tú àga jáde wàràwàrà, tí wọ́n ń lẹ òdòdó àti ọ̀ṣọ́ mọ́ igi tí kò dára kí ojú má baà rí àbùkù rẹ̀, John Ruskin àti William Morris, òǹkọ̀wé méjì ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, sọ pé àwọn ò gbà. Morris àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá ilé iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní 1861. Gustav Stickley, ará Amẹ́ríkà tí a bí ní 1858, gba èrò náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn The Craftsman ní oṣù kẹwàá ọdún 1901, ọdún kan náà tí wọ́n ṣí ojú irin rélùwéè tó ti Èkó gba Abẹ́òkúta lọ sí Ìbàdàn. Inú ìwé ìròyìn yìí ni ó ti ń tẹ àwòrán àti ìwọ̀n àga jáde, kí ẹni tó bá fẹ́ lè kan tirẹ̀ nílé. Ọ̀làwọ́ ńlá ni mo ka èyí sí: ẹni tó ń ta àga ló ń kọ́ oníbàárà bí yóò ṣe ṣe é láìrà á. Gbèsè dá ilé iṣẹ́ rẹ̀ dúró ní 1915, ìwé ìròyìn náà sì kásẹ̀ nílẹ̀ ní 1916, ṣùgbọ́n àwọn àwòrán náà ṣì wà.

Igi óákù funfun ni Stickley fẹ́ràn. Wọn a sé e mọ́ inú yàrá pẹ̀lú amóníà, kẹ́míkà olóòórùn líle kan, kí oru rẹ̀ lè sọ igi di dúdú díẹ̀. Ìrókò tí èmi ń lò ń pọ́n sí i fúnra rẹ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Oríkèé ni ọkàn iṣẹ́ náà: a ó dá ihò sí igi kan, a ó gbẹ́ orí ìkejì bí ahọ́n, ahọ́n yóò gba inú ihò yọ sí òdìkejì, a ó sì fi èèkàn igi kékeré há a, níbi tí gbogbo ojú ti lè rí i.

Férémù dígí mi àkọ́kọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Mo gé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní dàgẹ̀rẹ̀, mo fi gúlùù lẹ̀ wọ́n pọ̀, wọ́n sì pàdé dáadáa. Nígbà tí ọyẹ́ dé, igun kọ̀ọ̀kan lanu láti inú, débi pé èékánná mi wọ̀ ọ́. Igi tí kò tíì gbẹ tán a máa sún kì ní ìbú, ṣùgbọ́n agbára káká ni gígùn rẹ̀ fi ń dín. Ìdí nìyẹn tí igun onídàgẹ̀rẹ̀ kò fi lè pa ẹnu dé. Nínú èkejì, igi òkè jókòó lórí òpó méjèèjì, ó sì yọ sóde díẹ̀ ní ọ̀tún àti òsì. Ahọ́n àwọn òpó wọ inú rẹ̀, èèkàn méjì-méjì sì há wọn. Mo gbẹ́ ojú àgbàrá sẹ́yìn fún dígí, mo sì fi àyè tín-ín-rín sílẹ̀ yí i ká, nítorí pé igi ń sún kì, dígí kì í sún kì.