Brands Hatch ni wọ́n bí i sí: ìtàn sáà àkọ́kọ́ ìdíje mọ́tò ìlú Ọba

Ẹ bi àwọn tó ń wo BTCC, ìdíje mọ́tò ìlú Ọba, ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn á ní láyé ìgbà tí BBC ń gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n, lẹ́yìn 1990. Ọmọ tó ti gbọ́njú ni wọ́n bá pàdé. Sáà 1958 ni wọ́n bí i, Kent níbí ni wọ́n sì bí i sí. Láti Dartford tí mò ń gbé, kò jìnnà rárá sí Brands Hatch, pápá ìje mọ́tò.

Ilẹ̀ oko ni pápá yẹn tẹ́lẹ̀. Kòtò oníkoríko kan ni, òkè yí i ká bí etí abọ́, èèyàn á jókòó sókè kó máa wo ohun tó ń lọ nísàlẹ̀. Ní 1926, àwọn oníkẹ̀kẹ́ bá àwọn tó ń fẹsẹ̀ sáré díje níbẹ̀, máìlì mẹ́rin gbáko. Ẹ dúró síbẹ̀ yẹn ná. Kẹ̀kẹ́ àti ẹsẹ̀! Èmi gbà pé ibẹ̀ ni irúgbìn gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti bọ́ sílẹ̀: kí àwọn tí kò dọ́gba jọ wọ pápá kan náà, kí olúkúlùkù sì rí ọ̀nà tó lè gbà borí. Alùpùpù tẹ̀ lé kẹ̀kẹ́, wọ́n da ọ̀dà síbẹ̀ ní 1950, mọ́tò wọlé. Kò sí ìwé tó so 1926 mọ́ 1958 fún mi o, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti dúró lórí òkè yẹn rí kò ní bá mi jiyàn.

Àwọn ará Silverstone, pápá ìje mìíràn, á ní awakọ̀ ìje Stirling Moss ti fi Jaguar Mark VII borí lọ́dọ̀ àwọn ní 1952. Òótọ́ ni, àmọ́ eré ọjọ́ kan nìyẹn. Ti Ọsirélíà ńkọ́? 1960 ni tiwọn, ìje kan ṣoṣo ló sì jẹ́ lọ́dún yẹn. Ó tán.

BRSCC, ẹgbẹ́ àwọn oníje mọ́tò, ló dá tiwa sílẹ̀, wọ́n pè é ní British Saloon Car Championship. Saloon yìí kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń dirun l'Ékòó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá kan náà ló bí àwọn méjèèjì: salon àwọn Faransé, gbọ̀ngàn inú ilé. Mọ́tò onílé lórí tí tẹbí-tará lè jókòó sí ni. Ọjọ́ kejì Kérésì 1957 ni wọ́n sá ìje àkọ́kọ́ sáà náà, ní Brands Hatch. Wọ́n pín mọ́tò sí ìsọ̀rí mẹ́rin bí ẹ́ńjìnì wọn ṣe tóbi sí, ipò tí èèyàn bá sì gbà nínú ìsọ̀rí tirẹ̀ ni wọ́n fi ń fún un ní àmì. Kẹ̀kẹ́ àti ẹsẹ̀ náà kọ́ nìyẹn?

Ibi tó já sí ni pé Jack Sears, àgbẹ̀ ará Norfolk tó ń wa Austin A105, àti Tommy Sopwith tó ń wa Jaguar 3.4, ọmọ Sopwith tó ṣe ọkọ̀ òfuurufú nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, jọ ní àmì 48. Wọ́n ta ọ̀mì. (Ayò ló fún wa ní ọ̀rọ̀ yẹn: ẹni tó jẹ ni ọ̀ta, ẹni tí wọ́n jẹ ni ọ̀pẹ, ọ̀mì ni ti ẹni tí kò jẹ tí wọn ò sì jẹ.) Àwọn kan ní kí wọ́n ju owó ẹyọ sókè. Àwọn awakọ̀ méjèèjì ní àwọn ò gbà. Ni wọ́n bá wá Riley 1.5 méjì tó jọra bí ìbejì, wọ́n gbé wọn wọ Brands Hatch. Ìyípo márùn-ún, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n pààrọ̀ mọ́tò, kí ẹnikẹ́ni má lọ sọ pé tòun ló wúwo, ìyípo márùn-ún mìíràn. Wọ́n ro àkókò méjèèjì pọ̀: ìṣẹ́jú àáyá 1.6 ni Sears fi yára ju Sopwith lọ.

Ìyókù kò gbà wá lásìkò. Mọ́tò kékeré Mini dé, awakọ̀ Jim Clark gba ife ní 1964, orúkọ yí padà sí BTCC ní 1987, iná mànàmáná bẹ̀rẹ̀ sí í ran ẹ́ńjìnì lọ́wọ́ ní 2022, wọ́n tún yọ ọ́ kúrò. Sears tún gbà á ní 1963. Sopwith kò gbà á rí.