Ọṣán Tó Wà Lábẹ́ Wágọ́nù Onígi

Ẹni tó bá rí àwòrán wágọ́nù ẹrù onígi ti reluwé Amẹ́ríkà àtijọ́, kó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Yóò rí àwọn ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn láti orí dé ìdí, tí wọ́n sì rọ̀ wálẹ̀ díẹ̀ láàárín. Wágọ́nù kan lè ní mẹ́rin, òmíràn á ní mẹ́fà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn á ní irin bíréèkì ni, àwọn mìíràn á ní òun ni ẹ́ńjìnnì fi ń fa ọkọ̀. Irọ́ ni méjèèjì. Àwọn ọ̀pá yẹn ni kì í jẹ́ kí ikùn wágọ́nù já sílẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń kan pákó mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò le. Káfíńtà tó bá ti kan ilẹ̀kùn rí mọ̀ ọ́n. Abẹ́ ni ọgbọ́n wà.

Wágọ́nù jókòó lórí ẹsẹ̀ méjì tó ní táyà irin, ọ̀kan nítòsí iwájú, ọ̀kan nítòsí ẹ̀yìn. Kò sí ohun tó gbé àárín. Ní nǹkan bí 1870, wágọ́nù tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà méjìdínlọ́gbọ̀n máa ń gba ẹrù tọ́ọ̀nù 10. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò ọkà kò mọ ìwọ̀n. Nígbà tó fi di àárín àwọn ọdún 1880, ó ti di tọ́ọ̀nù 20, wágọ́nù náà sì ti gùn dé ẹsẹ̀ bàtà 34. Igi tí wọ́n tò sábẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ kò yí padà, igi náà ni. Bí wọ́n bá ní kí àwọn fi igi tó nípọn sí i, igi náà fúnra rẹ̀ á di ẹrù, ẹ́ńjìnnì á wá máa fa igi kiri dípò ọkà tí wọ́n sanwó rẹ̀.

Ohun tí wọ́n ṣe nìyí. Wọ́n de orí ọ̀pá irin mọ́ igi ìdábùú tó wà ní iwájú wágọ́nù pẹ̀lú nọ́ọ̀tì. Láti ibẹ̀, ọ̀pá náà gba orí ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ kọjá, ó wá sọ̀ kalẹ̀ gba ìdí òpó kúkúrú méjì tó so rọ̀ lábẹ́ àárín wágọ́nù, ó tún gòkè gba orí ẹsẹ̀ kejì, wọ́n sì de ìdí rẹ̀ mọ́ igi ìdábùú ẹ̀yìn. Ní àárín gbùngbùn, wọ́n gé ọ̀pá náà sí méjì, wọ́n wá fi irin oníhò kan so ó pọ̀, èyí tó ní ojú nọ́ọ̀tì lápá méjèèjì. Bí wọ́n bá yí irin yìí, á máa fa ọ̀pá méjèèjì wọlé.

Ọdẹ tó bá ti lo ọrun rí ti mọ ìyókù. Bí ọṣán bá le, orí méjèèjì ọrun á máa wá pàdé ara wọn, ẹ̀yìn rẹ̀ á sì tẹ̀. Ọrun ni igi wágọ́nù, ọṣán ni ọ̀pá irin. Bí wọ́n bá yí irin oníhò yẹn, iwájú àti ẹ̀yìn wágọ́nù á fún mọ́ra wọn, àwọn òpó kúkúrú á sì ti àárín sókè. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé oníkálukú ń ṣe iṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n ṣe. Bí o bá fún igi mọ́lẹ̀, ó lè gbà á títí. Bí o bá fa irin, ó lè fara dà á. Wọn kò ní kí igi ṣe iṣẹ́ irin.

Gángan gan-an sún mọ́ ọn ju ọrun lọ, nítorí pé ọṣán gángan kì í dúró sójú kan. Bí òjò bá pa ìlù, ohùn rẹ̀ á rọ̀, onílù á sì wá ọ̀nà mú ọṣán rẹ̀ le. Bẹ́ẹ̀ náà ni wágọ́nù. Igi máa ń gbẹ, ó máa ń sún kì, orí nọ́ọ̀tì á máa rì sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọ̀pá á wá dẹ̀. Alátùn-únṣe á wọ abẹ́ ọkọ̀, á fi ẹ̀yìn lélẹ̀ láàárín irin méjèèjì, á ki ọ̀pá bọ ihò, á sì máa yí i díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà, á jáde, á di ojú kan, á fi ojú kejì wo etí ìsàlẹ̀ wágọ́nù láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, bí káfíńtà ṣe ń wo pákó tó fura sí. Bó bá yí i jù, wágọ́nù á yọ iké, ilẹ̀kùn rẹ̀ kò sì ní fẹ́ yọ̀ lọ yọ̀ bọ̀ mọ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń bí mi nínú: pé igi ló jẹrà ni wọ́n ṣe pa wágọ́nù onígi tì. Igi tó bá jẹrà, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi òmíràn sí i. Àwọn wágọ́nù kan wà tí ilé-iṣẹ́ reluwé Denver & Rio Grande rà ní 1904 fún ojú irin tóóró orí òkè Colorado. Títí di àwọn ọdún 1960, irú wọn ṣì ń kó ẹrù níbẹ̀. Igi tó jẹrà kì í lò tó ọgọ́ta ọdún.

Ìkọ́ ló pa igi.

Tẹ́lẹ̀, òrùka irin gígùn àti ọ̀pá kékeré kan ni wọ́n fi ń so wágọ́nù mọ́ wágọ́nù. Òṣìṣẹ́ á dúró sáàárín méjèèjì, á fi ọwọ́ tọ́ òrùka sínú ihò bí èkejì ṣe ń bọ̀. Ọ̀pọ̀ ìka ló lọ bẹ́ẹ̀. Ní 1873, Eli Janney ará Virginia gba ìwé àṣẹ lórí ìkọ́ kan tó máa ń gbá ara rẹ̀ mú bí ọwọ́ méjì tó kọ́ra. Ọ̀bẹ ló fi gbẹ́ àwòṣe rẹ̀ láti ara igi. George Westinghouse ti mú bíréèkì afẹ́fẹ́ jáde ní 1869. Ní 1893, ìjọba Amẹ́ríkà ṣòfin pé dandan ni kí àwọn ilé-iṣẹ́ reluwé máa lo irú àwọn nǹkan méjèèjì yìí, nígbà tó sì fi di 1900, kò sí àwáwí mọ́.

Òfin rere ni. Ṣùgbọ́n ìkọ́ tí kò já àti bíréèkì tó dé ìdí ọkọ̀ mú kí wọ́n lè so wágọ́nù pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ wo eré fífa okùn: ẹni tó wà níwájú ni ipá gbogbo ẹni tó wà lẹ́yìn ń kọjá lára rẹ̀. Wágọ́nù tó tẹ̀lé ẹ́ńjìnnì ló ń gba fífà gbogbo èyí tó kù. Bóòtù mélòó kan tó gba inú igi kọjá ni wọ́n fi de ìkọ́ mọ́ abẹ́ wágọ́nù. Ọṣán tó ń gbé ikùn ró kò lè ran ibẹ̀ lọ́wọ́, nítorí pé wọ́n ń fa igi níbi oríkèé, bóòtù á sì máa la ojú igi gba ọ̀nà tirẹ̀ títí ìkọ́ á fi tú pẹ̀lú igi lára. Láti 1897 ni ilé-iṣẹ́ Charles Schoen ní Pittsburgh ti ń kó wágọ́nù onírin jáde. Bí wọ́n bá fi onígi kan sáàárín onírin méjì, tí bíréèkì wá mú lójijì, ẹyin láàárín òkúta ni.

Wọ́n wá fi irin gbọọrọ kan sábẹ́ wágọ́nù onígi láti ìkọ́ dé ìkọ́. Fífà àti títì wá ń gba inú irin yẹn, ọṣán di aláìníṣẹ́. Ní 1918, lẹ́yìn tí ìjọba ti gba reluwé lọ́wọ́ àwọn onílé-iṣẹ́ nítorí Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn wágọ́nù olórùlé tí wọ́n ní kí wọ́n kàn ní abẹ́ irin àti ẹ̀gbẹ́ pákó. Aṣọ lásán ni pákó náà ti dà.

Nǹkan kan sọnù níbẹ̀ o. Wágọ́nù Amẹ́ríkà kì í dúró lọ́dọ̀ ẹni tó ni ín. Ó lè kúrò ní Maine kó lọ kọṣẹ́ ní Kansas, lórí ojú irin ilé-iṣẹ́ mìíràn. Bó bá jẹ́ onígi, ẹni tó ní ayùn, òòlù àti pákó lè tún un ṣe lọ́jọ́ kejì. Onírin ń wá iná àti ẹni tó mọ iṣẹ́ irin.

Igi kò sì kúrò pátá. Lẹ́yìn tí ẹ̀gbẹ́ àti òrùlé di irin tán, ilẹ̀ wágọ́nù ṣì jẹ́ pákó fún ọdún púpọ̀, nítorí pé ìṣó ni wọ́n fi ń de ẹrù mọ́lẹ̀ kó má baà máa rìn. Ìṣó kò sì wọ irin.