Tenofovir

Tenofovir ni oògùn tí wọ́n fi ń tẹ orí kòkòrò HIV ba, wọ́n tún ń lò ó fún hepatitis B. Kì í ṣe látara ewé tàbí egbò ni wọ́n ti rí i, inú làbù ni wọ́n ti ṣe é látòkèdélẹ̀. Antonín Holý, onímọ̀ kẹ́mísìrì ará Czech, ló ń ṣe àwọn kẹ́míkà yìí ní Prague, á fi wọ́n ránṣẹ́ sí Erik De Clercq ní Leuven ní Belgium, ìyẹn á dán wọn wò lára sẹ́ẹ̀lì tí kòkòrò ti wọ̀, á wá jábọ̀ fún un, àbọ̀ yẹn ni Holý máa ń fi mọ ibi tó kàn láti yí padà. Ọdún 1986 ni wọ́n gbé ìròyìn àwọn àkọ́kọ́ nínú ẹbí kẹ́míkà yìí jáde, ti tenofovir fúnra ẹ̀ tẹ̀lé e ní 1993.

Bí wọ́n ṣe tò ó

Ibí yìí ni iṣẹ́ gidi wà. Tí HIV bá wọ sẹ́ẹ̀lì, ó máa ń fi ẹ́ńsáìmù ẹ̀, ìyẹn èròjà tó ń bá a ṣiṣẹ́, da RNA rẹ̀ (ìwé ìlànà tó ń gbé kiri) kọ sí DNA (irú ìwé ìlànà tí sẹ́ẹ̀lì wa ń lò), ẹyọ-ẹyọ ló sì ń to DNA yẹn. Adenine wà lára ohun tó ń tò, òun náà ni Holý fi ṣe orí tenofovir, kòkòrò ò ní tètè mọ̀ pé ayédèrú ni, á gbé e sí ìlà. Àmọ́ ibi tó yẹ kí ẹyọ tó kàn so mọ́ ò sí lára ẹ̀, bíi kóòṣì rélùwéè tí ò ní ìkọ́ lẹ́yìn, ibẹ̀ náà ni DNA ọ̀hún máa dúró sí.

AZT tí Jerome Horwitz ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1964 fún jẹjẹrẹ, tó wá di oògùn HIV àkọ́kọ́ ní 1987, ọgbọ́n ìdádúró yẹn náà ló ń lò, àmọ́ sẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ so fósífétì mẹ́ta, ìyẹn ègé kẹ́míkà kékeré tó ní fósífọ́rọ́ọ̀sì nínú, mọ́ ọn kó tó lè ṣiṣẹ́. Nínú ọ̀pọ̀ oògùn irú ẹ̀, ti àkọ́kọ́ ló máa ń ṣòro jù. Holý kúkú ti so ti àkọ́kọ́ mọ́ tenofovir látinú làbù. Fósífétì gangan, ọ́síjìn ló ń so ó mọ́ra, ẹ́ńsáìmù ara wa sì mọ bí wọ́n ṣe ń gé ibẹ̀. Holý fi kábọ́nù rọ́pò, wọn ò rí i gé mọ́. Ìsopọ̀ kábọ́nù àti fósífọ́rọ́ọ̀sì yìí ló jọ pé ó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà.

Bó ṣe di oògùn ẹnu

Wàhálà tó wà ńbẹ̀ ni pé apá fósífọ́rọ́ọ̀sì yẹn gbé iná nẹ́gátíìfù, ìfun ò fi bẹ́ẹ̀ lè fà á, abẹ́rẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń fúnni. Ilé iṣẹ́ Gilead ní California, níbi tí John C. Martin wà, wá fi ìbòrí kan tó ń jẹ́ disoproxil bo iná náà, ara fúnra ẹ̀ ló máa gé e kúrò tó bá ti wọlé tán. Ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá 2001 ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i, miligírámù 300 lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Ìbòrí tuntun, alafenamide, dé ní 2015, inú sẹ́ẹ̀lì ni ti èyí ti ń ṣí jù, nítorí náà miligírámù 25 tàbí 10 ti tó, kíndìnrín àti egungun ò sì fi bẹ́ẹ̀ rí wàhálà ẹ̀.

Lílò

Ní 1995, ìwádìí lára ọ̀bọ fi hàn pé ó lè dènà SIV, tó jẹ́ ìbátan HIV. Ọjọ́ 16 oṣù keje 2012 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Truvada, tó ní tenofovir nínú, fún ẹni tí ò tíì kó HIV, kó má bàa kó o. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Holý kú. Ní Nàìjíríà, inú TLD ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń lò ó, pẹ̀lú lamivudine àti dolutegravir nínú hóró kan.