Bí Ásíìdì Ṣe Dé Inú Oúnjẹ Ọmọ Ẹlẹ́dẹ̀

Ẹni tó bá ń sin ẹlẹ́dẹ̀ ní Òṣogbo kì í gbé pátákó síta. Mùsùlùmí pọ̀ nílùú wa, aládùúgbò tí kì í ṣe Mùsùlùmí pàápàá kò sì fẹ́ òórùn. Ìdí nìyẹn tí ilé ẹran tèmi fi wà lẹ́yìn ìlú, lọ́nà Ìkìrun. Ibẹ̀ ni mo ti rí ohun tí gbogbo ọlọ́sìn ẹlẹ́dẹ̀ ń rí: ọmọ tó ń dán bí ẹni tí wọ́n fi òróró pa lẹ́nu ọmú ìyá rẹ̀, tí a bá já a lẹ́nu ọmú, kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ó ti ń yàgbẹ́ gbuuru, irun rẹ̀ ti dìde, egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ti yọ. Nígbà tí mo gbé ẹjọ́ náà lọ bá ọ̀dọ́kùnrin tó ń ta fíìdì fún mi, ó na àpò kan sí mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ásíìdì ni. Ẹ pò ó mọ́ oúnjẹ wọn."

"Ásíìdì kẹ̀? Àbí o fẹ́ bá mi pa wọ́n ni?"

Ásíìdì bátìrì ọkọ̀ ni mo mọ̀. Òun náà kò rí i ṣàlàyé. Ó ṣáà mọ̀ pé àwọn tó rà á ń padà wá rà á. Èmi bá wá ìdí rẹ̀ lọ.

Oríṣiríṣi ásíìdì ni wọ́n ń pò mọ́ oúnjẹ ẹran, èèrà ló ni èyí tó lókìkí jù nínú wọn. Ní 1671, John Ray, onímọ̀ ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé nípa oje kíkan tí wọ́n rí lára èèrà tí wọ́n gbé kaná. Formica ni èdè Látìn ń pe èèrà, ibẹ̀ ni formic acid ti gba orúkọ. Carl Wilhelm Scheele, apoògùn kan ní Sweden, rí lactic acid lára wàrà kíkan ní 1780, ó sì yọ citric acid lára omi lẹ́mọ́ọ̀nù ní 1784. Kò sẹ́ni tó ro ẹlẹ́dẹ̀ mọ́ ọn nígbà náà.

Ọ̀dọ̀ màlúù ni ásíìdì ti kọ́kọ́ wọ oúnjẹ ẹran. Ní Finland, òtútù kì í jẹ́ kí koríko hù fún oṣù púpọ̀ lọ́dún, èyí tí wọ́n bá sì kó pamọ́ ní tútù fún màlúù a máa jẹrà. Ní ìparí àwọn ọdún 1920, A. I. Virtanen, onímọ̀ kẹ́místrì ará ibẹ̀, rí i pé tí wọ́n bá da ásíìdì sí koríko náà títí pH rẹ̀ fi wálẹ̀ ju 4 lọ, àwọn kòkòrò tó ń bà á jẹ́ á jáwọ́. (Omi lásán wà ní 7, bí nọ́ńbà náà bá ṣe ń wálẹ̀ ni nǹkan ń kan sí i.) Iṣẹ́ yìí wà lára ohun tó gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 1945. Ásíìdì líle ló lò. Nígbà tó yá, formic acid gba ipò rẹ̀.

Bí ìyá ológì kan ní Ọjà Ọba bá gbọ́ èyí, á béèrè bóyá ohun tí wọ́n ń gba ẹ̀bùn lé lórí náà nìyẹn. Àgbàdo tí wọ́n rẹ fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n sẹ́, omi tó lékè rẹ̀ ni omidùn, bakitéríà inú rẹ̀ ló sì ń ṣe lactic acid kan náà tí Scheele rí nínú wàrà. Omidùn yẹn làwọn ìyá wa fi ń rẹ àgbo inú rírun.

Ohun tó dí ásíìdì lọ́nà ni antibiotic, oògùn tó ń pa bakitéríà. Lápá ìparí àwọn ọdún 1940, Thomas Jukes àti Robert Stokstad ní ilé iṣẹ́ Lederle ní Amẹ́ríkà fi gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó ṣẹ́ kù lára oògùn Aureomycin bọ́ òròmọdìẹ, àwọn òròmọdìẹ náà sì ń dàgbà ju bó ṣe yẹ lọ. Ní 1951, ìjọba Amẹ́ríkà gbà á láyè nínú oúnjẹ ẹran láìsí ìwé dókítà. Díẹ̀ bíńtín nínú rẹ̀ ti tó, owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Ta ló máa wá nǹkan kíkan lọ?

Síbẹ̀ àwọn kan ń wá a. Ní 1968, D. J. A. Cole àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ àbájáde lactic acid tí wọ́n dà sínú omi mímu ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ jáde. Ní Jámánì, Kirchgessner àti Roth ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú fumaric acid, ásíìdì mìíràn, nínú oúnjẹ. Láàárín àkókò náà, ìgbìmọ̀ Swann, tí ìjọba Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀, ti kìlọ̀ ní 1969 pé antibiotic inú oúnjẹ ẹran ń sọ kòkòrò àrùn di alágídí tí oògùn ènìyàn kò ní ràn mọ́. Sweden fòfin dè é ní 1986. Denmark dá a dúró fún ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ ní ìparí 1999, ìgbẹ́ gbuuru sì gbérí gan-an lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà yẹn gan-an ni gbogbo ayé wá rántí ásíìdì. Ní 2001, ilẹ̀ Yúróòpù fọwọ́ sí potassium diformate, iyọ̀ kan tí wọ́n ṣe láti ara formic acid. Nígbà tó di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù January 2006, antibiotic tí wọ́n fi ń mú ẹran sanra di èèwọ̀ níbẹ̀ pátápátá.

Kí ló wá ń ṣe nínú ìfun? Èyí ló yà mí lẹ́nu jù. Ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ tó ń mu ọmú kò tíì ní ásíìdì tó nínú ikùn ara rẹ̀. Ṣúgà inú wàrà ìyá rẹ̀ ni bakitéríà rere ń sọ di lactic acid fún un, bí omidùn ṣe ń kan nínú ìkòkò. Nínú igbó, abo ẹlẹ́dẹ̀ a máa fún ọmọ lọ́mú fún oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwa ń já a lẹ́nu ọmú lọ́sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀kan náà ni kíkan yẹn sì dáwọ́ dúró. Ẹ̀wà sóyà ló kàn án, àti òkúta ẹfun (limestone) tí a lọ̀ kúnná mọ́ fíìdì fún egungun, òun náà sì ń pa ìwọ̀nba kíkan tó kù. Oúnjẹ tí kò dà á sọ̀ kalẹ̀ sínú ìfun, á di oúnjẹ fún E. coli, bakitéríà tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru.

Ásíìdì tí a bá pò mọ́ ọn á dá kíkan ikùn padà kí oúnjẹ lè dà. Ìyókù iṣẹ́ rẹ̀ wà lára kòkòrò àrùn fúnra rẹ̀: ásíìdì yìí ń wọ inú kòkòrò ní odindi, bí àlejò tó wọ agbádá onílé, ó dénú tán kó tó túká. Kòkòrò á máa gbọ́n ásíìdì síta títí agbára rẹ̀ fi tán. Àwọn bakitéríà rere tó ń ṣe lactic acid ti mọ́ ọn lára, wọn kì í tètè kú.

Mo kọ́kọ́ dín òkúta ẹfun náà kù kí n tó ra àpò kankan. Kò ná mi ní kọ́bọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo wá ń pò ó, nǹkan bí kílò 10 nínú tọ́ọ̀nù fíìdì kan, torí bó bá kan jù, wọn kì í jẹ ẹ́. Ìgbẹ́ gbuuru dín kù, kò tán. Ibà ẹlẹ́dẹ̀ ilẹ̀ Áfíríkà ńkọ́? Kò kan án rárá, kí ẹnikẹ́ni má tà á fún yín lórúkọ ìyẹn. Ohun tí ọ̀dọ́kùnrin yẹn kò sọ fún mi ni pé ó ń jẹ irin. Páànù tí mo fi ń bu oúnjẹ fún wọn ti lu láàárín oṣù mélòó kan. Abọ́ rọ́bà ni mo ń lò báyìí.