Ibi tí "Dìbò Kóo Sebẹ̀" Ti Wá

Lọ́dún tó kọjá, àwa onílé àdúgbò wa l'Ádó-Èkìtì fẹ́ yan alága tuntun. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń dupò gbé páálí búrẹ́dì wá sípàdé. Kò tíì sọ ọ́ kalẹ̀ tán tí ìyá àgbà kan lẹ́bàá ilẹ̀kùn fi ké pé, "Ẹ wò ó, dìbò-kóo-sebẹ̀ ti dé o!" Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín tiẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ó fẹsẹ̀ rọra ti páálí sábẹ́ àga.

Ọ̀rọ̀ yìí ní ẹ̀gbọ́n, òyìnbó sì ni ẹ̀gbọ́n náà ń sọ. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà, ọdún 2014, Ayọ̀délé Fáyóṣé fi ìbò 203,090 na gómìnà Èkìtì tó wà lórí àga, Káyọ̀dé Fáyẹmí, tó ní 120,433. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún pátá ló gbà. Fáyẹmí ṣe títì, láti 2011 ló sì ti ń fún àwọn arúgbó kan ní 5,000 náírà lóṣooṣù. Àwọn ọ̀mọ̀wé wá ìdí ọ̀rọ̀ títí, wọ́n ní ìrẹsì ni ará Èkìtì tẹ̀ lé: stomach infrastructure, ìyẹn ohun amáyédẹrùn fún ikùn. (Wọn ò bi àwọn tíṣà tó ti ń bá ìjọba yẹn fà á tipẹ́.) Èébú ni. Fáyóṣé, tí wọ́n ń pè ní Òṣòkòmọlẹ̀, tó máa ń ra bọ̀ọ̀lì jẹ lẹ́bàá títì, gba èébú yẹn bí oyè. Ó yan olùrànlọ́wọ́ pàtàkì kan fún stomach infrastructure gan-an. Nígbà tí Kérésì 2014 dé, ó pín ìrẹsì àti adìyẹ.

Àmọ́ stomach infrastructure wúwo lẹ́nu. Ta ni yóò máa ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kiri nídìí ata? Ìbò gómìnà ọjọ́ 14 oṣù keje, ọdún 2018 ló bí èyí tó fúyẹ́: dìbò kóo sebẹ̀. Fáyẹmí padà wọlé pẹ̀lú 197,459, Kọ́lápọ̀ Ẹ̀lẹ́ka, igbákejì Fáyóṣé, ní 178,121. Àwọn tó ń ṣọ́ ìbò ròyìn pé wọ́n ń fowó ra ìbò: 3,000 náírà, 5,000 náírà. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ń nàka sí èkejì.

Bó ṣe ń lọ nìyí. Òfin ní kó o tẹ ìka níkọ̀kọ̀, kó o sì ju ìwé sínú àpótí lójú gbogbo ayé. Láàárín ìkọ̀kọ̀ àti gbangba yìí ni ọjà wà. Olùdìbò á jáde, á ká ìwé náà bíi pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń ká a, igun tó tẹ̀ á hàn fírí. Ẹnì kan á mi orí. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń parí ìyókù.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ọbẹ̀, tí kì í ṣe iyán, l'Ékìtì níbi? Èmi rò pé iṣu kì í wọ́n wa. Oko ló ti ń bọ̀. Ata, ẹja, ẹran àti epo ló ń gbowó. Owó ọbẹ̀ sì ni owó tí ọkọ ń fi sílẹ̀ fún ìyàwó láàárọ̀, tí bó bá kéré, gbogbo ilé á mọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé "dìbò kóo sebẹ̀" ti fi òṣèlú sípò ọkọ ilé, ó sì ti sọ ìbò di iṣẹ́ àárọ̀ kan. Gbólóhùn náà kúrú, kì í sì í ṣe èdè Èkìtì pọ́ńbélé, Yorùbá tí gbogbo wa ń sọ ni. Ìyẹn ni kò jẹ́ kó há síbí: lóṣù kẹsàn-án ọdún 2018 yẹn gan-an, nígbà ìbò gómìnà Ọ̀ṣun, ó ti wà lẹ́nu wọn.

Báyìí, ó ti jáde kúrò nínú ìbò ìjọba. Ẹ fún akọ̀wé ẹgbẹ́ ní gàárì díẹ̀, ẹ ó gbọ́ ọ. Ọmọ tó fún bàbá rẹ̀ lómi tútù kó tó béèrè owó, òun náà ń ṣe dìbò-kóo-sebẹ̀.

Ní ìpàdé wa, ẹlòmíì ló wọlé. Nígbà tí a ń túká, ìyá àgbà yẹn bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ àga, ó mú búrẹ́dì kan. Ó ní òun kúkú ti dìbò.